Ta Ló Fọ Ọwọ́ Ẹ̀rọ Síkáànì?

Bí aboyún bá dé ọsibítù lónìí, kò ní pẹ́ tí wọn óò fi ní kó lọ ṣe síkáànì. Inú gbogbo wa a máa dùn láti rí ọmọ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ń bèèrè pé ara ta ni ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn ti kúrò kó tó kan tòun?

Ìlú Glasgow ní Skọ́tílándì ni ìtàn náà ti gbilẹ̀. Ní oṣù keje 1955, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald, dókítà agbẹ̀bí, di ìju àti kókó tí wọ́n gé lára àwọn obìnrin sẹ́yìn ọkọ̀, ó dilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ílà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán ló fẹ́ fi wò wọ́n. Ẹ ò rí nǹkan! Ó tiẹ̀ gbé ẹran màlúù dání tí yóò fi wé e. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1958, àwòrán inú ikùn ti jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Òróró ólífì ni wọ́n ń fi pa ikùn nígbà náà, orí awọ lásán sì ni ẹ̀rọ náà ń gbà.

Glasgow yìí kan náà ni Joseph Lister ti fi kábọ́líìkì tọ́jú ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 11 kan ní 1865. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ló gun ọmọ náà lẹ́sẹ̀, eegun kán, awọ sì ya. Láyé ìjọ́un, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Egbò náà jinná.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ojú ara obìnrin wọlé, àti èyí tó ń gba ọ̀fun lọ wo ọkàn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Earle Spaulding, ará Amẹ́ríkà, ti là á sílẹ̀ nínú ohun tó kọ ní 1968: ohun tó kan awọ tó dá ṣáṣá, oògùn díẹ̀ tó o, èyí tó kan awọ tútù inú ara, àfi oògùn líle.

Àwọn kan á ní, “A ṣáà fi rọ́bà bò ó.” Rọ́bà a máa lu, ihò rẹ̀ lè má hàn sójú. Bí jẹ́ẹ̀lì bá sì gbẹ mọ́ ẹ̀rọ, oògùn ò ní dé ara rẹ̀; ẹ kọ́kọ́ nù ún, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Kì í sì í ṣe oògùn èyíkéyìí o! Èyí tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ò fọwọ́ sí lè mú kó sán, kòkòrò á wá ríbi sá pamọ́ sí. Ibi tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń gbàgbé ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2012, ọdún 147 lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, àjọ tó ń mójú tó ẹ̀rọ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fáwọn ọsibítù. Àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B ti pa aláìsàn kan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀fun ló kó o ràn án, torí wọn ò fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ láàrin aláìsàn kan sí èkejì. Wọ́n ní kí kálukú lọ tún ìlànà fífọ gbogbo ọwọ́ ẹ̀rọ síkáànì yẹ̀ wò.