Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ imú, ẹ má tíì pa oògùn fífọ́n tì

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Onitsha, eruku ìlú yìí kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2016, WHO kà á mọ́ èyí tó burú jù nínú àwọn ìlú àgbáyé tí wọ́n wọn eruku PM10 wọn: 594, nígbà tí 20 ni àjọ náà fẹ́. Eruku nìkan kọ́ ló ń fa polyp o, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí imú tó ti ń ṣàìsàn sinmi.

Polyp ni ẹran rírọ̀ tó ń hù nígbà tí awọ inú imú bá ti wú pẹ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ abẹ á kó o kúrò, àmọ́ wíwú tó bí i ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń padà sára ọ̀pọ̀ èèyàn. Dókítà á wá ní kí a máa fọ́n sítẹ́rọ́ìdì bíi mometasone tàbí fluticasone sí imú fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Ọ̀nà tí iṣẹ́ abẹ là ló jẹ́ kó ráyè dé ibi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀.

Orúkọ sítẹ́rọ́ìdì máa ń ba àwọn kan lẹ́rù nítorí ìpara ìbóra. Èyí tí a ń fọ́n sí imú, díẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Oníhóró ló yàtọ̀. Ẹ má dá a lò.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ fọ imú: omi tí a sè tó ti tutù, bí ìdajì lítà, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, bákìn sódà kan. Omi tánkì tí a kò sè kò dára rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fọ́n ihò òsì, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ etí, kì í ṣe ògiri àárín imú. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń yọ tí a bá fọ́n ọ́n lódì. Ẹ má fín in símú tagbáratagbára, ọ̀fun ló máa gbà á. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́.

Xylometazoline tó ń la imú lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe àrọ́pò rẹ̀. Tí a bá ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, imú á dí ju ti àtẹ̀yìnwá.

Ibi tí a ti ń rà á ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ogbo-Ogwu ní Bridge Head pa nítorí ayédèrú oògùn. Ẹ lọ sí ilé oògùn tó ní apòògùn, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́.

Fún àyẹ̀wò, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Nnamdi Azikiwe ní Nnewi ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, kò sì jìnnà. Tí ojú bá wú, tí ìríran yí padà, tí orí ń fọ́ tí ọrùn sì le, tàbí tí omi mímọ́ ń kán láti ihò imú kan ṣoṣo, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.