Ṣé díìṣì pẹlẹbẹ olórùka lè gba DStv lọ́fẹ̀ẹ́ fún yín?

Àhesọ: Bí ẹ bá lẹ bébà alumíníọ́mù mọ́ pátákó ní òrùka-òrùka, ẹ ó máa wo DStv láìsanwó.

Àbájáde ìwádìí: Apá kan jẹ́ òótọ́. Ti ọ̀fẹ́ yẹn ni irọ́.

Òótọ́ ni pé pátákó pẹlẹbẹ lè gba ìgbì sátẹ́láìtì. Inú iṣẹ́ tí Augustin-Jean Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1827, ṣe lórí ìmọ́lẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yìn pátákó ni LNB máa wà. Ìgbì tó gba etí pátákó kọjá máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti èyí tó gba àárín lọ kó tó dé ibẹ̀. Òmíràn á bá ti àárín mu, wọn á ran ara wọn lọ́wọ́. Òmíràn á forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀, wọn á pa ara wọn. Àwọn tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ yìí ni òrùka alumíníọ́mù ń dí lọ́nà.

Ìgbì tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ní 12 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bí LNB bá fi sẹ̀ǹtímítà 50 jìnnà sí pátákó, ẹ fi àárín sílẹ̀ gbayawu títí dé sẹ̀ǹtímítà 11.2, ẹ fi alumíníọ́mù bò ó láti ibẹ̀ dé 16, kí ẹ tún ṣí i sílẹ̀ dé 19.7. Bẹ́ẹ̀ ni òrùka á máa tínrín lọ síta. Kò lè ṣòro fún àwọn tó ń gé páànù ní Suame Magazine, ní Kumasi.

Ṣùgbọ́n ó ń fi nǹkan ṣòfò. Nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 agbára tó bá dé ara rẹ̀ ló ń kó dé ojú LNB. Díìṣì tó dà bí abọ́ ń kó ju ìdajì lọ. Tiyín gbọ́dọ̀ tóbi gan-an, ká má tíì sọ ti ọjọ́ òjò.

Ọ̀fẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ díìṣì, ì báà ṣe pẹlẹbẹ tàbí abọ́, kò ju kó kó ìgbì jọ lọ. DStv ti ti àwòrán rẹ̀ pa kó tó gbé e lọ sí sátẹ́láìtì. Dẹ̀kódà àti káàdì tí ẹ sanwó fún ló ń ṣí i. Multi TV ti Ghana, tí kì í gba owó oṣù, lè wọlé bí díìṣì yín bá kọjú sí sátẹ́láìtì rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi MoMo ránṣẹ́ kí òun tó fún yín ní ìwọ̀n òrùka tó jẹ́ àṣírí, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ti kà á tán lókè yìí.