Amos Tutùọlá àti Iṣẹ́ Dídá Ayé Iwin Sílẹ̀ Nínú Ìwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí ènìyàn bá ń ka ìwé ìtàn tí òkú ti ń sọ̀rọ̀, tí iwin ti ń gba owó orí, tí agbárí lásán sì ń fò lẹ́bàá ọ̀nà, ó rọrùn fún un láti rò pé àlá ni òǹkọ̀wé náà lá, tí ó jí, tí ó sì rọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn abàmì ń fẹ́ ìwádìí, ó ń fẹ́ òfin, ó sì ń fẹ́ kí ènìyàn jókòó ti iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ní èdè Yorùbá, D. O. Fágúnwà ni aṣíwájú nínú irú ìtàn báyìí. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gbé irú ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ni Amos Tutùọlá, ẹni tí ó kọ The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí ó jáde ní London ní ọdún 1952. Ọdún bíi mẹ́fà péré ni ó lò ní ilé-ìwé. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe rí ayé tuntun dá? Kí sì ni ó fà á tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé rẹ̀ fi kọ́kọ́ tijú iṣẹ́ náà? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìgbésí ayé rẹ̀ kí ó tó di òǹkọ̀wé

Abẹ́òkúta ni a ti bí Tutùọlá ní ọdún 1920. Àgbẹ̀ oníkòkó ni àwọn òbí rẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ní kékeré, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Dípò owó iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ fi í sí ilé-ìwé àwọn Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1939, kò sí ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé mọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Èkó, ó sì fi iṣẹ́ bàbà rírọ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti Gẹ̀ẹ́sì láti 1942 títí di 1945. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ ọwọ́ náà kò mú owó wọlé fún un mọ́. Ohun tí ó rí ni iṣẹ́ òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ti ìjọba ní Èkó. Iṣẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ti kó ohun èlò jọ

Ìwádìí Tutùọlá kì í ṣe èyí tí a ń ṣe nínú yàrá ìkàwé. Ẹnu ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé ni ó ti gbọ́ àlọ́, òun náà sì di apàlọ́ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ó tún sọ nígbà kan pé bàbá arúgbó kan ní oko fi iṣu àti ẹmu ṣe òun lálejò, tí ó sì pa ìtàn fún òun. Nígbà tí ó wá rí ìwé àtìgbàdégbà ìjọba tí ń jẹ́ Nigeria Magazine, tí ó rí i pé ìtàn àti àṣà ilẹ̀ wa ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ irú èyí ni, òun náà lè kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ Yorùbá yóò tètè dá ohun èlò rẹ̀ mọ̀. Ọmọbìnrin arẹwà tí ó kọ gbogbo ọkọ tí àwọn òbí rẹ̀ yàn, tí ó wá tẹ̀lé àjèjì láti ọjà, kò ṣàjèjì sí ọmọ kankan tí ó ti jókòó ti àgbà ní alẹ́ òṣùpá. Ẹlẹ́mu tí ó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí ó kú, tí olówó rẹ̀ sì wá a lọ sí ìlú mìíràn, orí ìgbàgbọ́ wa nípa àkúdàáyà ni ó dúró lé: pé ẹni tí ó kú níhìn-ín lè máa gbé ní ìlú tí ó jìnnà. Ìjà Ọ̀run àti Ilẹ̀ nítorí eku kan, tí òjò fi dáwọ́ dúró, tí ìyàn fi mú, ìtàn àtijọ́ ni.

Kò da àwọn ìtàn wọ̀nyí kọ bí ó ti gbọ́ wọn. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, igún ni ó gbé ẹbọ lọ sí ọ̀run. Nígbà tí ó dé, tí òjò ń pa á, gbogbo ilé tí ó yà sí ni wọ́n ti lé e jáde. Tutùọlá yọ igún kúrò, ó fi ẹrú sí ipò rẹ̀. Nígbà tí òjò bo ẹrú náà, kò sí ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé yóò gbé àwọn náà lọ sí ọ̀run bí ó ti gbé ẹbọ lọ. Ìyípadà kékeré yìí sọ ìtàn ẹyẹ di ìtàn ènìyàn tí ó gba ìlú là, tí ìlú sì kọ̀ ọ́.

Bí ó ṣe fi òfin gbé ayé náà ró

Ohun tí ó mú kí òǹkàwé gba ayé iwin yìí gbọ́ ni pé ó ní ìṣirò, ó sì ní òfin. Oko ọ̀pẹ tí bàbá fún ọ̀mùtí náà ní igi 560,000. Ẹlẹ́mu a máa dá kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 láàárọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́. Àjèjì arẹwà inú ọjà kò ní ara tirẹ̀. Ńṣe ni ó háyà ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ẹ̀yà ara yòókù. Nígbà tí ó ń padà sí ilé, ó ń dá wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, ó sì ń san owó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ó fi ku agbárí nìkan.

Àwọn ẹ̀dá inú igbó kan kò gbọdọ̀ kọjá ààlà wọ inú igbó òmíràn. Bí ẹni tí wọ́n ń lé bá ti dé ààlà, ó bọ́. Ní Ìlú àwọn Òkú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi rìn, alààyè kò sì gbọdọ̀ bá wọn gbé. Ẹlẹ́mu tí ó kú kò ṣàdédé di ará ìlú náà: ó lo ọdún méjì lẹ́nu ẹ̀kọ́ kí ó tó yege gẹ́gẹ́ bí òkú tí ó pé. Ta ni kò mọ ibi tí òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ti rí irú ètò bẹ́ẹ̀?

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni ti igi funfun. Kí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi náà, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì. Ìbẹ̀rù wọn ní tirẹ̀, wọn kò tà á. Wọ́n fi yáni ni, pẹ̀lú èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹni tí ó yá ìbẹ̀rù dá a padà. Ẹni tí ó ra ikú ní tirẹ̀ kọ̀, ó ní òun ti rà á. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn méjèèjì kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ tí ó dà bí àwàdà ní ojú ìwé kan di òfin tí ó de gbogbo ìrìn àjò tí ó kù. Ohun tí a tà yàtọ̀ sí ohun tí a yáni, àní láàrin iwin.

Ayé ìgbà tirẹ̀ náà sì wọ inú igbó. Nígbà tí ó ń ròyìn ẹwà àjèjì inú ọjà, ó ní àwọn tí ń ju bọ́ǹbù láti òfuurufú kò ní lè jù ú sí ìlú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá ọmọ ogun òfuurufú ṣiṣẹ́ ni. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954, iwin obìnrin kan wà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Òjíṣẹ́ ọ́fíìsì a máa jókòó pẹ́ kí wọ́n tó pè é. Àkókò ìjókòó yìí ni Tutùọlá fi ń kọ̀wé, lórí àjákù bébà. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ó ṣe, ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi fi pẹ́ńsù kọ ìtàn ọ̀mùtí náà ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n oṣù bíi mẹ́ta ni ó fi fẹ̀ ẹ́, tí ó sì fi tún un kọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìyàtọ̀ àkókò méjèèjì yìí jẹ́ fún ẹni tí ó bá rò pé kíkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

Kì í sì í ṣe ìwé yẹn ni ó kọ́kọ́ kọ. Ní nǹkan bí 1948, ó fi ìtàn ọdẹ kan nínú igbó iwin ránṣẹ́ sí Focal Press ní London, ilé ìtẹ̀wé tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ó ṣèlérí àwòrán àwọn iwin fún wọn. Nígbà tí àwòrán dé, àwòrán tí a fi ọwọ́ yà, tí a wá fi ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀ ni. Wọ́n ra ìtàn náà, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́; ọdún 1982 ni ó tó jáde ní Amẹ́ríkà. Tutùọlá kò dúró de èsì yẹn. Ó rí ìkéde ẹgbẹ́ kan tí ń tẹ ìwé onígbàgbọ́, ó fi ìtàn ọ̀mùtí ránṣẹ́ sí wọn, àwọn náà sì darí rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ Faber and Faber, tí ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyìn ní òkèèrè, ìtìjú ní ilé

Ní oṣù Keje ọdún 1952, akéwì Dylan Thomas yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ní 1953, ó jáde ní New York, Raymond Queneau sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ní ilé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti bẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Fágúnwà ni ó ti jí ìtàn kó, wọ́n sì ní àwọn òyìnbó ń yìn ín nítorí pé ó fi wá hàn bí aláìlajú.

Kò yẹ kí a fi ojú òní dá àwọn aṣòfíntótó yìí lẹ́bi pátápátá. Orílẹ̀-èdè tí ń béèrè òmìnira ni wọ́n ń ṣojú fún, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé a ó fi ìwé kan díwọ̀n gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn kò pé. Òtítọ́ ni pé Fágúnwà ṣáájú, àmì rẹ̀ sì hàn. Àwọn olùwádìí bíi Bernth Lindfors àti Abíọ́lá Ìrèlé ti fi iṣẹ́ àwọn méjèèjì wéra. Síbẹ̀, inú àpò àlọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti bu, ìṣirò owó àti òfin ọ́fíìsì inú igbó Tutùọlá sì jẹ́ tirẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ láti tún un ṣe.

Ọjọ́ mú ìdájọ́ mìíràn wá. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, ó pè é ní Ọ̀mùtí, àwọn ará ilé sì fi etí ara wọn gbọ́ pé tiwọn ni. Ní 1977, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Chinua Achebe fi gbogbo àsọyé kan ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìwé náà: ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe fàájì láìṣiṣẹ́ ni ìrìn àjò náà ń tọ́ sọ́nà. Tutùọlá kú ní Ìbàdàn ní ọdún 1997.

Ìparí

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ mú nínú ìtàn yìí kò fara sin. Àlọ́ tí a ń gbọ́ ní ilé jẹ́ ohun èlò ìwádìí gidi, ṣùgbọ́n kò tíì di ìwé títí ẹnìkan yóò fi tò ó, tí yóò fún un ní òfin, tí yóò sì tún un kọ. Bí Tutùọlá bá ti dúró títí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò fi gún, ó ṣeé ṣe kí igbó náà má hù láé. Àgbà tí ó mọ àlọ́ ń dín kù ní ilé wa lọ́dọọdún. Ọmọ tí ó bá ní pẹ́ńsù àti àjákù bébà, kí ó tètè lọ jókòó tì wọ́n.