Ìgbẹ́ gbuuru: Bí kòkòrò àrùn ṣe ń fọ́ inú ìfun wọlé, àti ìdí tí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọ kì í fi í ṣe ohun àfojúfò

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru ní Ibese, Ìlaró tàbí Ayétòrò, àwọn òbí kan á kọ́kọ́ sáré lọ ra Flagyl ní kẹ́mísì. Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo ìgbẹ́ gbuuru kọ́ ló jẹ́ ìkan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí kòkòrò tó fà á ń ṣe nínú ìfun.

Àwọn tí kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì

Kòkòrò onígbáméjì, èyí tó jà ní Èkó àti Ògùn ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kì í wọlé rárá. Orí ìfun kékeré ló máa ń jókòó sí, tí á máa tu oró. Oró yẹn ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa da omi àti iyọ̀ ara nù. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ onígbáméjì fi máa ń dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Irú E. coli kan náà wà tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun, tí wọ́n á tò lé ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn báyìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2000 lórí irú rẹ̀ tí wọ́n rí lára àwọn ọmọdé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Shigella, olè tó ń fọ́lé

Kiyoshi Shiga, dókítà ará Japan, ló ṣàwárí èyí ní 1897. Kòkòrò bíi 10 sí 100 péré ti tó láti dá èèyàn dùbúlẹ̀, eṣinṣin sì lè gbé e láti ibi ìgbẹ́ wá sórí oúnjẹ.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Shigella ní tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń mú ògiri lanu:

1. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ìfun tó dà bíi kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìdírókò. Wọ́n ń mú lára ohun tó ń kọjá, kí àwọn sójà ara lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni Shigella ń gbà kọjá.
2. Sójà ara á gbé e mì, ṣùgbọ́n Shigella á pa á, á sì bọ́ síta.
3. Ó wá ti ẹ̀yìn kọlu àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri ìfun. Ó ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ tó fi ń gún wọn, tó ń gba ibẹ̀ fi èròjà ránṣẹ́ sínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì náà fúnra ẹ̀ á wá fà á wọlé.
4. Tó bá wọlé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Á wá fi èròjà inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ṣe ìrù tó ń tì í bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kejì, láì jáde síta rárá.

Bí àwọn sójà ara bá ya dé láti bá a jà, ògiri ìfun á bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀, ikun, ibà àti inú rírun ti ń wá.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Flagyl ń pa amoeba lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pa Shigella, Shigella ló sì sábà máa ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára ọmọdé. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dókítà ló máa mọ oògùn tó yẹ. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Ìgbẹ́ yòówù kó jẹ́, omi ara ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá padà. Ẹ fún un ní ORS àti zinc, ẹ má sì dá ọmú dúró. Bí ORS ò bá sí nílé, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì sínú omi mímọ́ lítà kan. Kí ṣíbí náà má ga o, iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu.

Ọṣẹ lẹ́yìn ìgbẹ́ àti kí ẹ tó fọ́mọ lóúnjẹ, omi kànga tí ẹ sè, ṣáláńgá tó ní ìdérí: àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí olè náà dé ẹnu ọ̀nà.