Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ta ló máa ro oko?

Tí wọ́n bá ní "ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́", Awólọ́wọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá àgbà Imade College láti 1947. Òun ló kọ ìwé tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ wọn lé. (Ọ̀wọ̀ náà ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ ọ̀hún ní 1951.)

January 17, 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé ní 800,000 lọ́dún yẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, wọn ò tó 500,000. Ṣé inú gbogbo òbí dùn? Rárá o. Ìjọba ti fi owó kún owó orí, inú sì bí àwọn èèyàn débi pé ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi nílé ara wọn nínú ìbò àpapọ̀ 1954.

Owó orí nìkan kọ́. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ kòkó kan ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n, tí ọmọ mẹ́rin ń bá a já kòkó, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a. Tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gba iléèwé lọ, ta ló kù lóko? Ìjọba san owó iléèwé, àmọ́ bàbá ló pàdánù ọwọ́ ọmọ. Àwọn òbí tó gbà bẹ́ẹ̀ ló gbé ètò náà ró, a ò sì mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lónìí máa ń rò pé tí a bá ti ra fóònù àti dátà fún ọmọ, ó parí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìgbà yẹn ò lè ka iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ wọn. Wọ́n kàn ń dá ro oko, kí ọmọ lè ráyè jókòó ti àtùpà.