Ta Ni Ká Gbà Gbọ́: Ẹni Tó Wà Nídìí Káńtà, Àbí Kọ̀ǹpútà?

Ìtàn ọjà àti kọ̀ǹpútà la máa sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀.

Àǹtí mi kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, bísíkíìtì àti ọṣẹ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi áàpù kan sórí fóònù wọn tó ń ka ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Kò pé oṣù méjì tí áàpù náà sọ pé páálí mílíìkì méjìlá ló kù nílẹ̀. Wọ́n kà á, mẹ́sàn-án ni. Wọ́n tún un kà, mẹ́sàn-án náà ni. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ní, "Mà, mi ò mú nǹkan kan o." Àǹtí mi wo fóònù, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n sì yọ owó páálí mẹ́ta kúrò nínú owó oṣù ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan la tó rí òkodoro. Lọ́jọ́ kan tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ náà ta páálí mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi owó ẹ̀ kún owó tó kó fún àǹtí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò wọ inú áàpù. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé wò. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà ni pé, kí ló dé tí ẹ̀rí fóònù fi wúwo ju ẹ̀rí èèyàn tó dúró níwájú wa lọ?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sínú ìtàn, ìtàn sì gbé mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta tíì àti kéèkì.

Ẹ gbọ́ o: kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ òwò déédéé lágbàáyé, báńkì kọ́ ló ni ín, ológun kọ́ ló ni ín. J. Lyons ló ni ín, àwọn tó ń yan búrẹ́dì. Lyons ṣí ṣọ́ọ̀bù tíì àkọ́kọ́ ní Piccadilly ní 1894, nígbà tó sì máa fi parí ogun àgbáyé kejì, ṣọ́ọ̀bù wọn ti ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Oúnjẹ àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń tà, èrè orí ife tíì kan ò tó nǹkan, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni. Tí kéèkì bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, èrè ti bá a lọ. Tí kéèkì ò bá sì tó, oníbàárà á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ẹni tó bá ti ta búrẹ́dì rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Fún irú òwò bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni ẹ̀mí ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni John Simmons, onímọ̀ ìṣirò tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ti wọ Lyons láti 1923, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju kó máa wá ọ̀nà tí ọ́fíìsì á fi rọrùn sí i. Ní 1947, wọ́n rán méjì nínú àwọn èèyàn ẹ̀, Thompson àti Standingford, lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ wo ohun tí àwọn ara ibẹ̀ ń fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní Princeton ni Herman Goldstine ti sọ fún wọn pé àwọn kan ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ní Cambridge, nílé wọn gan-an. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò!

Bí wọ́n ṣe padà dé, Lyons fún àwọn ará Cambridge ní 3,000 pọ́n-ùn, wọ́n tún yá wọn ní òṣìṣẹ́ kan kún un. Kọ̀ǹpútà Cambridge, tí wọ́n ń pè ní EDSAC, ṣiṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 1949. Ni Lyons bá ní ó yá, káwọn náà kọ́ tiwọn. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Pinkerton láti kọ́ ọ, wọ́n sì sọ ẹ̀rọ náà ní LEO. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sápò o. Fáàfù inú ẹ̀ lé ní 6,000, iye fáàfù tó máa gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíò àtijọ́. Inú ọ̀pá irin 64 tí mẹ́kúrì kún inú wọn ló ń fi nǹkan pamọ́ sí. Àwòrán kan ṣoṣo tẹ́ ẹ yà láàárọ̀ yìí ò lè wọ inú gbogbo ọ̀pá yẹn pọ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1951, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye owó búrẹ́dì àti kéèkì tí ilé ìyan-búrẹ́dì ń gbé jáde, lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, láìdáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ronú nípa ọjà ni.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ David Caminer, òun ló ń darí àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún LEO. Ní 1954, wọ́n gbé iṣẹ́ tó le jù síwájú ẹ̀: báwo ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á ṣe máa rí iye kéèkì, páì àti búrẹ́dì tó tó o gbà lójoojúmọ́? Tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù ni obìnrin tó jẹ́ máníjà ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ, fọ́ọ̀mù lóríṣiríṣi. Wọ́n wá rí i pé kọ̀ǹpútà yára, ṣùgbọ́n kíkó ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ ló ń fà bí ìgbín. Tí máníjà kọ̀ọ̀kan bá ń ka gbogbo ohun tó fẹ́ lójoojúmọ́, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní iye ọjà tó máa ń gbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iye tó máa ń gbà lọ́jọ́ Túsìdeè, títí dé ìparí ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti ní ìyẹn lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, akọ̀wé kan ní Cadby Hall, olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Hammersmith, á gbé fóònù, á pe máníjà: "Ẹ ǹlẹ́ mà, kí lẹ fẹ́ yí padà fún ọ̀la?" Bí máníjà bá ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé á ṣe máa lu ihò sínú káàdì. Òjò fẹ́ rọ̀ lọ́la? Ẹ yọ kéèkì mẹ́wàá. Ọjọ́ ọjà ni lójúde? Ẹ fi ogún lé e. Kò bá yí nǹkan kan padà, ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà, LEO á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, á sọ iye tí ilé ìyan-búrẹ́dì máa yan, á sì tẹ ìwé ohun tí wọ́n máa kó sínú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ẹ rí i? Ẹnu obìnrin tó dúró nídìí káńtà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló mọ àdúgbò ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ń gbọ́ ohun tó wí ni, ó ń bá a ṣírò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gbé owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fún LEO, iṣẹ́ tí akọ̀wé tó mọṣẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣe fún ẹnì kan, tí LEO ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀, wọn ò kàn lé akọ̀wé lọ ní kíá. Akọ̀wé ń ṣe tiẹ̀, kọ̀ǹpútà ń ṣe tiẹ̀, wọ́n wá ń fi méjèèjì wéra títí ọkàn wọn fi balẹ̀. Bí méjèèjì ò bá bára mu, kò sẹ́ni tó ń pariwo olè. Wọ́n á wá ibi tí àṣìṣe wà.

Mary Coombs tún wà níbẹ̀ o, obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ òwò. Èdè Faransé àti ìtàn ló kà ní yunifásítì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe fún àwọn tó ka Arts, ṣé ẹ ti gbọ́?

Ọ̀rọ̀ ìdílé LEO ò gùn. Ní 1954 wọ́n yà á sọ́tọ̀ di ilé-iṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpútà. Ní 1963 ó dara pọ̀ mọ́ English Electric. Ní 1968 wọ́n pa àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ di ICL. Ní 1990, Fujitsu ti ilẹ̀ Japáàn ra èyí tó pọ̀ jù nínú ICL. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ọ̀dọ̀ ICL yìí kan náà, ọmọ-ọmọ LEO, ni Post Office ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba Horizon, ètò kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé gbogbo ẹ̀ka wọn ní 1999. Iṣẹ́ ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti áàpù àǹtí mi, àfi pé ó tóbi: sítáǹpù tí wọ́n tà, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n san, owó tó yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́. Àwọn tó ń bójú tó àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké jẹ́ oníṣọ́ọ̀bù bíi tiwa, lábúlé àti láàárín ìlú. Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni pé bí owó bá dín, àwọn ló máa dí i.

Owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Jo Hamilton, tó ní ṣọ́ọ̀bù abúlé ní South Warnborough, pe nọ́ńbà ìrànwọ́ nígbà tí Horizon ní owó ẹ̀ fi nǹkan bíi 2,000 pọ́n-ùn dín. Bó ṣe ń tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀, owó tó dín náà di ìlọ́po méjì lójú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pe nọ́ńbà yẹn sọ pé wọ́n ní àwọn nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ tún gbọ́ ti Dalmellington ní Scotland, ní 2015. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ gba 8,000 pọ́n-ùn wọlé sórí ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ dì gbagidi. Ó tún bọ́tìnnì tẹ̀, ó tún un tẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Horizon kọ 8,000 lẹ́ẹ̀mẹrin. 32,000 wà lórí ìwé, 8,000 wà lọ́wọ́, 24,000 ti di gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ Fujitsu lè gba ọ̀nà jíjìn wọ inú ìṣirò ẹ̀ka kan, kí wọ́n sì yí i padà láìjẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Post Office fi sọ pé kò ṣeé ṣe.

Òfin wà tẹ́lẹ̀ ní England pé ẹni tó bá mú ìwé kọ̀ǹpútà wá sílé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òfin míì tó jáde ní 1999, ọdún tí Horizon dé, ló fagi lé e. Láti ìgbà náà, ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ò ṣìṣe, àfi tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá rí ẹ̀rí pé ó ṣìṣe. Oníṣọ́ọ̀bù wo ló fẹ́ rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo ìwé wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́?

Wọ́n dá èèyàn tó lé ní 900 lẹ́bi. Seema Misra ti West Byfleet lóyún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 2010, lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́ pé ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan ta ilé, àwọn kan yá owó dí gbèsè tí wọn ò jẹ, aládùúgbò ń pè wọ́n lólè. Ìwádìí ìjọba tó jáde ní 2025 sọ pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn tó tó 13, ó kéré tán, ti pa ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Alan Bates, tí wọ́n gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Llandudno ní 2003, ló kó àwọn èèyàn jọ. Ìwé ìròyìn Computer Weekly kọ́kọ́ tú u síta ní 2009. Àwọn 555 ló jọ gbé Post Office lọ sílé ẹjọ́, Adájọ́ Fraser sì sọ ní oṣù Kejìlá 2019 pé àṣìṣe wà nínú Horizon lóòótọ́, pé ó lè mú kí owó dín láìsí olè. Ní oṣù Kẹrin 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn 39 láre, Jo Hamilton àti Seema Misra wà nínú wọn. Eré orí tẹlifíṣọ̀n tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ló wá jí gbogbo ìlú, kí ilé aṣòfin tó fi òfin kan ṣoṣo wẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn mọ́ lọ́dún náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé.

Mo ka gbogbo èyí fún àǹtí mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ṣì ń lo áàpù wọn, kò sì burú, ó ń bá wọn ṣọ́ ọjà tó fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ti kúrò lábẹ́ káńtà báyìí, ẹ̀gbẹ́ fóònù ló wà, wọ́n sì ń fi méjèèjì wéra ní gbogbo alẹ́ Sátidé.

Ọmọbìnrin yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n dá owó ẹ̀ padà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, mà. Nígbà tó di ìparí oṣù, ó kó ẹrù ẹ̀, ó ní òun ti ríṣẹ́ síbòmíì.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.