Ẹni tó Ń Lé Ejò àti Ẹni tí Ejò Ń Lé

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, gbogbo wa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nílé wa ní Arépo. Wọ́n ń fi àwọn ènìyàn hàn nínú ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà, tí wọ́n ń ti ilẹ̀ Faransé sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tó gba ọ̀nà yẹn lé ní 45,000.

Ìyá àgbà ní, “Kí wọ́n yáa lé gbogbo wọn padà.”

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní London wà lórí fóònù pẹ̀lú wa nígbà náà. Òun náà ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Àwọn ló ń ba nǹkan jẹ́ fún àwa tá a gba ẹnu ọ̀nà wọlé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé físà oṣù mẹ́fà ni àbúrò bàbá mi gbà lọ, ó sì ti di ọdún keje báyìí. Nígbà tí bàbá àgbà kú, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú, torí pé bó bá jáde, kò ní lè padà wọlé mọ́. Mo rọra béèrè pé, “Màmá, nínú àwọn méjèèjì, ta ló rú òfin?” Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi wọ inú ìtàn.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ẹni tó gba físà jáde lọ wá owó, tí kò padà nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, òun ló ń lé ejò. Ẹni tí ogun tàbí inúnibíni lé nílùú rẹ̀, tó bẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láìní ìwé, ejò ló ń lé e. Òfin àgbáyé mọ ìyàtọ̀ yìí. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951 sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fìyà jẹ asásálà nítorí pé ó wọlé láìgbàṣẹ, bó bá wá tààrà láti ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu, tó sì tètè fara hàn fún àwọn aláṣẹ. Lórí ọ̀rọ̀ “tààrà” yẹn ni wọ́n ń jà sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn kan ní kí ni ẹni tó ti dé Faransé tún ń sá fún? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn ìjọba Áfíríkà náà ṣe àdéhùn tiwọn lórí àwọn asásálà ní Addis Ababa.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà ni ìyà jẹ ìyá àgbà tèmi. Kumasi ní Ghana ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ méjèèjì ni bàbá rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ lọ tajà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n kúrò. Àwọn Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Bàbá ìyá àgbà ta ọjà ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn gba Togo àti Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí. Ọmọ ọdún 14 ni ìyá àgbà, kò sì tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

Ẹ má rò pé ìyà yẹn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Owó epo rọ̀bì ń wọlé fún Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ará Ghana wá: tíṣà, bíríkìlà, télọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gba ẹnu ibodè wọlé ní gbangba. Ọjọ́ 90 pé, wọn kò lọ, a kò sì bi wọ́n, nítorí a nílò wọn.

Ìgbà tí owó epo já wálẹ̀, tí ìdìbò ọdún 1983 sì ń bọ̀, la wá rántí òfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shehu Shagari, kéde pé kí àjèjì tí kò níwèé jáde láàrin ọjọ́ 14. Ọjọ́ 14 kan náà! Àwọn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ghana ti ti ibodè òun àti Togo ṣáájú, nítorí náà Togo àti Benin náà ti tiwọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún há sójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní èbúté l'Ékòó. Àpò tí wọ́n di ẹrù sí la fi orúkọ wọn pè: Ghana-must-go.

Àwọn wọ̀nyẹn, ejò ni wọ́n ń lé. Àwọn tí ejò ń lé náà dé. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní Liberia ní ìparí ọdún 1989, ibùdó àwọn asásálà sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òrù-Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996, ìjà tún gbóná ní Monrovia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ ọkọ̀ ẹrù Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Bulk Challenge. Côte d'Ivoire kò gbà wọ́n. Ghana náà kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí òkun, Ghana yí ọkàn padà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní Takoradi.

Èmi kò sọ pé kí ilé má nílẹ̀kùn o. Ìjọba tí kò mọ iye ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀ kò lè bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹni tó gba orí omi ń bà wá lẹ́rù nítorí pé a rí i. Ẹni tó bá bàálù wá, tó fi físà han aṣọ́bodè, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí físà náà kú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọlé kò sọ ohun tó gbé e wá. Kì í ṣe gbogbo èrò ọkọ̀ ojú omi ni ogun lé, ogun sì lè bẹ́ sílẹ̀ nílé ẹni lẹ́yìn tó ti gba físà jáde. Ká jókòó gbọ́ tẹnu oníkálukú nìkan la fi lè mọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 1969 àti ọdún 1983, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kà.

Ọmọ Togo ló lẹ táìlì ilé wa ní Arépo. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún un, kò sì bi í léèrè ọjọ́ 90 rí.

Nígbà tí mo ka àròkọ yìí fún un, ó ní kí n fa Ghana-must-go rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ ìwé kékeré kan jáde, káàdì ilé-ìwé rẹ̀ ní Kumasi. Sáà tó gbẹ̀yìn kò ní máàkì kankan. Ó ní, “Wọn ò bi bàbá mi ní nǹkan kan. Ìwé nìkan ni wọ́n béèrè.” Ó dá káàdì náà padà, ó sì ní kí n pe àbúrò bàbá mi fún òun.